Òmìnira Tí Kò Dúró De Owó: Àgbéyẹ̀wò Ìgbàgbọ́ Kristẹni àti Ìṣẹ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé mílíọ̀nù 133 ènìyàn ni òṣì ń bá fínra lórílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe owó ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n wo oúnjẹ, omi, ìlera, ẹ̀kọ́, iṣẹ́, wọ́n tilẹ̀ wo ohun tí àwọn ènìyàn fi ń dáná. Láti ìgbà náà, ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróò ní 2023, náírà sì já wálẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà ní 2024, owó yẹn kò sì tó ra àpò ìrẹsì kan ní ọjà púpọ̀ lọ́dún náà. Bí ọjọ́ ìsinmi bá pé, ọ̀pọ̀ àwọn tí ìṣirò yẹn kàn ni yóò mú aṣọ tó mọ́ jù lọ nínú àpótí, wọn yóò fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n yá owó ọkọ̀, wọn yóò sì lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ fún wọn pé Kristi ti sọ wọ́n di òmìnira.

Òmìnira wo? Ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀ yìí láti ìgbà tí ìwàásù ti dé, ìdáhùn tí ìran kọ̀ọ̀kan sì fún un kò rí bákan náà. Kí n tètè sọ tèmi: mo gbà pé òmìnira náà jẹ́ òótọ́. Ó ń mú ìtìjú àti ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn tálákà kí owó tó dé, àní bí owó kò bá dé láéláé. Àmọ́ ọjọ́ tí ìjọ bá ti dá iye lé e, ó di ẹrù tuntun lórí ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti wọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ tọpa bí ọ̀ràn méjèèjì ṣe ń ṣẹlẹ̀ láàrin wa, nígbà mìíràn nínú ìjọ kan náà.

Bíbélì gan-an kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Òfin júbílì nínú Lefítíkù orí 25 kò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lásán. Ilẹ̀ àti gbèsè ló ń sọ: bí ọdún àádọ́ta bá pé, kí ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ìdílé tó ni ín, kí ẹni tó ta ara rẹ̀ nítorí àìní máa lọ sílé. Nehemáyà orí 5 dà bí ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́. Ìyàn mú, owó orí ọba wọ àwọn ènìyàn lọ́rùn, wọ́n fi oko dógò, wọ́n fi ọmọ wọn dógò, àwọn tó sì ń yá wọn lówó jẹ́ ará ilé wọn, tí wọ́n jọ ń sin Ọlọ́run kan. Nehemáyà kò ní kí àwọn tálákà lọ gbààwẹ̀ kí gbèsè lè kúrò. Ó pe àwọn ọlọ́lá jọ, ó sì mú kí wọ́n búra pé àwọn yóò dá oko padà.

Nígbà tí Jésù dìde láti kàwé nínú sínágọ́gù Násárẹ́tì, ibi tó ṣí nínú ìwé Aísáyà dárúkọ òtòṣì àti òǹdè, ó sì ní ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Síbẹ̀ Jòhánù Onítẹ̀bọmi, ìbátan rẹ̀, inú túbú Hẹ́rọ́dù ni ó kú sí. Èyí ni kókó tí a kò gbọdọ̀ fò kọjá. Olùdáǹdè dé, túbú ṣì wà. Bí ènìyàn bá sọ pé ti ọ̀run nìkan ni Jésù ń wí, yóò ṣòro fún un láti ṣàlàyé oúnjẹ tó fún àwọn èrò àti alárùn tó wò sàn lófẹ̀ẹ́. Bí ó bá sì sọ pé ti ayé yìí nìkan ni, kí ni yóò sọ fún Jòhánù? Mátíù kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òtòṣì ní ẹ̀mí ni ìbùkún wà fún. Lúùkù kọ òtòṣì lásán, ó sì fi ègbé ọlọ́rọ̀ tẹ̀ lé e. Ti Mátíù ni a ń gbọ́ lórí pẹpẹ lọ́pọ̀ ìgbà, ti Lúùkù ṣọ̀wọ́n.

Nínú àwọn ìjọ tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí, ti Kọ́ríńtì ló jọ tiwa jù. Wọ́n ń jẹun ìrántí Olúwa, àwọn olówó tètè dé, wọ́n jẹ, wọ́n mu yó, àwọn tó ti ibi iṣẹ́ olówó wọn bọ̀ dé lálẹ́, wọn kò bá nǹkan kan. Pọ́ọ̀lù kò ka èyí sí àìmọ̀wàáhù lásán, ó ní ìjọ Ọlọ́run gan-an ni wọ́n ń kẹ́gàn, wọ́n sì ń dójú ti àwọn tí kò ní. Àwọn ará Makedóníà tí òun náà sọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òtòṣì paraku, síbẹ̀ àwọn ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà dá sí owó tí wọ́n fẹ́ kó lọ fún àwọn aláìní Jerúsálẹ́mù. Ẹni tó lè fúnni nígbà tí òun náà kò ní, owó kò tún ní àṣẹ lórí ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò mọ àpèjúwe òmìnira ẹ̀mí tó ṣe kedere ju ìyẹn lọ.

Láàrin àwa Yorùbá, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ni ẹni tí wọ́n ti tà rí. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Ọ̀ṣóògùn, ọmọdé ni. Ó ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, Myrmidon, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Ṣàró. Ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó di Samuel Crowther, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nínú lẹ́tà kan tó kọ ní 1837, ó ṣàlàyé pé ní nǹkan bí ọdún kẹta tí òun bọ́ lóko ẹrú ènìyàn ni òun tó rí i pé oko ẹrú mìíràn wà tó burú jù ú lọ, ti ẹ̀ṣẹ̀ àti ti Sátánì.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Wọ́n ní òyìnbó ló fi sí i lẹ́nu, pé ẹni tí okùn ti bó lọ́rùn kò yẹ kó sọ pé nǹkan kan burú jù ú lọ. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fún ọkùnrin náà ní iyì pé ó mọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Kò sọ pé ẹ̀wọ̀n irin kì í dunni. Àwọn atukọ̀ ti já ẹ̀wọ̀n náà, ó sì rí i pé ohun kan ṣì kù tí atukọ̀ kankan kò lè já. Ẹrú tó bọ́ lè máa bá ìbẹ̀rù, ìkórìíra àti ìtìjú gbé títí ọjọ́ ikú. Ọkùnrin yìí padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á, kò wá gbẹ̀san, ó bá wọn tú Bíbélì sí èdè wọn. Ní 1846 ní Abẹ́òkúta, ó tún rí Àfálá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùnlélógún, ìyá náà sì ṣèrìbọmi ní 1848. Òun kan náà ló lo gbogbo agbára rẹ̀ láti bá òwò ẹrú jà. Òmìnira inú kò sọ ọ́ di ẹni tí kò bìkítà nípa ìdè tòde.

Ibi tí ìjọ ti kùnà kò pẹ́ hàn. Àwọn ìjòyè àti oníṣòwò tó di Kristẹni ní Abẹ́òkúta àti Èkó ní ẹrú, wọ́n sì ní ìwọ̀fà. Gbogbo wa la mọ ètò ìwọ̀fà: ẹni tó yá owó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ tí ìyẹn ń ṣe lóko olówó jẹ́ èlé, ojú owó kò sì dín kù, bó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Àlùfáà James Johnson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Ṣàró, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Holy Johnson, gbógun ti kí Kristẹni máa ní ẹrú nígbà tí wọ́n fi àbójútó Abẹ́òkúta lé e lọ́wọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1870. Àwọn àgbà ìjọ kò gbà, àwọn kan nínú àwọn míṣọ́nnárì pẹ̀lú kò sì dúró tì í. Nígbà tó di 1880, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó tún fẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ máa dá owó kíláàsì, nítorí ó gbà pé ìjọ tó ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ nìkan ló lè bọ́ lọ́wọ́ òyìnbó. Èrò rere ni. Bí owó náà ṣe wá rí lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹni tó dàgbà nínú ìjọ àgbà mọ̀ ọ́n: káàdì tí wọ́n ń sàmì sí, àti òkú tí àlùfáà kì í sin títí àwọn ọmọ yóò fi san gbèsè bàbá wọn tán.

Lórí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni àrùn lúkúlúkú, ìyẹn àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn, já lé ní 1918. Ìjọba ti ilé ìjọsìn pa nítorí àkóràn. Ilé ìwòsàn kò tó nǹkan, oògùn òyìnbó kò sì rí àrùn náà gbé ṣe. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ gbàdúrà. Joseph Ṣádàrẹ́ àti olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlàmí wà nínú wọn, ẹgbẹ́ wọn sì di èyí tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ní Èkó ní 1925, Moses Orímọládé, ará Ìkàrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le, tí kò nílé tí kò lọ́nà, gbàdúrà fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tó ti wà lójú ìran, láti ibẹ̀ sì ni Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ katakata tí ìjọba fi ń tẹ títì, gbọ́ ìpè. Ní oṣù keje 1930, ìsọ̀jí Òkè-Ooyè bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà.

Ẹ wo irú àwọn ènìyàn tí wọ́n jẹ́: arọ kan, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, awakọ̀ títì kan. Kò sí èyí tí bíṣọ́ọ̀bù yan. Ẹ sì wo àkókò náà. Owó orí tuntun ń ká àwọn ènìyàn lára, ọrọ̀ ajé àgbáyé sì ti dojú dé láti 1929, iye kòkó já wálẹ̀. Ní irú ìgbà báyìí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn yóò ná owó lórí oògùn, yóò ná an lórí ẹbọ, yóò ná an lórí ààbò lọ́wọ́ ẹni tó rò pé ó ń ṣe òun, bí owó bá tán, yóò fi ọmọ mìíràn ṣe ìwọ̀fà. Omi tí Babalọlá gbàdúrà sí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá, wọ́n gbé garawa, wọ́n kó oògùn ìṣọ́ra wọn jọ, wọ́n dáná sun ún. Ìbẹ̀rù wà nínú ìṣọ́ra, ó sì ń gba owó lọ́dọọdún. Ẹni tó bá lè jáwọ́ nínú rẹ̀, tó sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn, ti gba òmìnira tó hàn sójú. J.D.Y. Peel, onímọ̀ tó kọ ìwé ní 1968 lórí àwọn ìjọ wọ̀nyí, tí a mọ̀ sí Aládùúrà, fi hàn pé kì í ṣe pé àwọn ènìyàn yìí ń sá fún ayé. Wọ́n ń wá agbára Ọlọ́run sínú ayé tí wọ́n wà ni, àti ìlera, àti àlàáfíà, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń wá a láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìjọba kò fi ọkàn tán wọn. Ní 1932, wọ́n fi Babalọlá sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Àwọn Aládùúrà náà sì ní àṣìṣe tiwọn. Ẹ̀kọ́ pé kí onígbàgbọ́ má fọwọ́ kan oògùn rárá léwu, pàápàá fún ọmọdé tí kò lè yan fúnra rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìyapa ti dé nígbà tí àwọn òyìnbó Àpọ́sítélì tí wọ́n pè wá láti Gẹ̀ẹ́sì ń lo kuiníìnì, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kò gbà fún wọn, tí Ìjọ Kristi Àpọ́sítélì sì dá dúró lọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Mi ò ní bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí mo fẹ́ràn wọn.

Aṣọ funfun yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Nínú Kérúbù àti Séráfù, àti nínú Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá tí Samuel Oshoffa, káfíńtà ará Porto-Novo, dá sílẹ̀ ní 1947, gbogbo ènìyàn ń wọ sùtánà funfun, wọ́n sì ń bọ́ bàtà. Fún ẹni tí kò ní ju ìró kan àti bùbá kan lọ, ìtùnú ńlá ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ilé olókè méjì ni o ti wá tàbí yàrá kan nínú ilé alájùmọ̀gbé. Alágbàṣe lè ríran sí ọ̀gá, ọ̀gá yóò sì wólẹ̀. Ó bà mí nínú jẹ́ pé lónìí, sùtánà ti ní léèsì àti fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ìgbànú ti ní ìpele, ẹni tó fẹ́ gba oyè sì ti mọ iye tí yóò ná òun.

Ọdún 1947 yẹn kan náà ni àwọn kan jáde láàrin àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n lọ jìnnà ju gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ. Inú Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n ti wá, wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Wọ́n ti rí inúnibíni nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Wọ́n lọ tẹ̀dó sí etí òkun, lórí ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn dù, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Ayétòrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ apẹja tí kò ní ju ọkọ̀ àti àwọ̀n lọ. Wọ́n ka ohun tí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ nípa ìjọ Jerúsálẹ́mù, pé gbogbo ohun ìní ni wọ́n pawọ́ pọ̀ ní, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹja tí ẹnikẹ́ni bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Kò sí owó iṣẹ́. Ìlú ló ń fún olúkúlùkù ní oúnjẹ, aṣọ àti ilé.

Láàrin ọdún díẹ̀, Ayétòrò ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá ṣì ń tan àtùpà. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń rán bàtà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n rán àwọn ọmọ wọn lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lókè òkun. Àwọn àlejò wá láti ọ̀nà jíjìn láti wò ó. Onímọ̀ ará Kánádà kan, Stanley Barrett, lọ gbé láàrin wọn, ó sì kọ ìwé lé wọn lórí ní 1977. Ìbéèrè rẹ̀ ṣe pàtàkì: kí ló sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀, ìgbàgbọ́ ni tàbí àjùmọ̀ní? Ó fi wọ́n wé abúlé ìtòsí kan tó pè ní Talika, tí ìgbàgbọ́ wọn jọra ṣùgbọ́n tí kálukú ń dá ṣe tirẹ̀. Talika kò ní ìlọsíwájú bẹ́ẹ̀. Ó parí èrò sí pé àjùmọ̀ní ló ṣe iṣẹ́ náà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ débì kan. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi í léèrè: kí ló mú apẹja kó ẹja rẹ̀ fún gbogbo ìlú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí kò tíì sí iná, tí kò tíì sí bàtà, tí kò mọ̀ bóyá yóò rí nǹkan kan padà? Ẹni tí ìbẹ̀rù ebi ṣì dì mú kò lè ṣe é.

Kò wà pẹ́ títí. Láti 1968 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn láyè láti dá ṣòwò, nígbà tó sì fi máa di àárín àwọn ọdún 1970, àjùmọ̀ní ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Agbára ti kóra jọ sọ́wọ́ àwọn olórí, àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé fẹ́ ní tiwọn. Lónìí, òkun ń jẹ ìlú náà lọ. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé iṣẹ́, ó ti gbé títì, ìdènà tí wọ́n ń ṣèlérí fún wọn láti ogún ọdún sẹ́yìn kò sì dé. Mi ò ka ìṣubú yẹn sí ẹ̀rí pé àlá lásán ni wọ́n lá. Ogún ọdún tí ebi kò pa ọmọ ẹnì kankan nínú ìlú kan kì í ṣe nǹkan kékeré, àwọn òtòṣì tó sì ka Bíbélì fúnra wọn ló ṣe é.

Lápá kejì òkun, àwọn mìíràn ń ka ojú ewé kan náà. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Látìn Amẹ́ríkà pàdé ní Medellín ní 1968, àlùfáà ará Peru kan, Gustavo Gutiérrez, sì kọ ìwé ní 1971 tó sọ pé kò sí ìgbàlà tó fi ìyà tálákà sílẹ̀ sẹ́yìn. Ní 1980, wọ́n yìnbọn pa Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Óscar Romero nídìí pẹpẹ ní San Salvador nítorí ó gbèjà àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹ̀kọ́ yìí kò ta gbòǹgbò nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìjọ wa ti ní ìdáhùn mìíràn lọ́wọ́, àwọn ọdún 1980 ló sì fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Iye owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ní 1986, ìjọba Babangida mú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé wọlé, èyí tí mẹ̀kúnnù ń pè ní SAP. Náírà ṣubú, wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró, owó oṣù olùkọ́ kò tó ra oúnjẹ mọ́. Ní Benin, Benson Idahosa ti ń wàásù ọrọ̀ láti àwọn ọdún 1970, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì rẹ̀. David Oyedepo bẹ̀rẹ̀ ìjọ tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìyípadà tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Ìjọ Ìràpadà. Josiah Akíńdayọ̀mí, ọmọ Oǹdó tí kò mọ̀wé, tó ti ṣe Kérúbù àti Séráfù rí, ló dá a sílẹ̀ ní 1952, ìjọ àwọn tálákà ni, ìwà mímọ́ ni wọ́n fi ń ṣògo. Nígbà tó kú, Enoch Adébóyè, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, gba ipò ní 1981, ìjọ náà sì wá di èyí tí àwọn olówó àti ọ̀mọ̀wé ń rọ́ wá sí. William Kúmúyì, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ìṣirò níbẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn láti 1973: ó kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yàgò fún ohun ọ̀ṣọ́ àti fàájì ayé.

Mo fẹ́ ṣe òdodo sí ìwàásù ọrọ̀. Ó bá ènìyàn tí gbogbo ayé ti sọ fún pé kò jámọ́ nǹkan, ó sì ní ọmọ Ọba ni ọ́. Ẹni tó gba ìyẹn gbọ́ ń jáwọ́ nínú ọtí, ó ń tọ́jú owó, ó ń rán ọmọ níléèwé, ó ń bẹ̀rẹ̀ òwò kékeré. Mo mọ irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀, bóyá ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Kò sí ìgbà tí Bíbélì sọ pé ebi dára. Ìyá tó ń gbàdúrà fún owó iléèwé kò ṣẹ̀.

Ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni irúgbìn. Wọ́n kọ́ aláìní pé ohun tó ń dí i lọ́nà ni pé kò tíì fúnni tó, kí ó gbin èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa retí ìkórè. Bí ìkórè kò bá dé, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ẹ wo bí ẹrù náà ṣe pọ̀ sí i: òṣì wà níbẹ̀, ẹ̀bi òṣì dé, owó oúnjẹ sì lọ. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìjọba sọ náírà di yẹpẹ ń wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ara rẹ̀. Pásítọ̀ kò dárúkọ ìjọba, nítorí gómìnà jókòó níwájú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ọmọ Áfíríkà tó pàdé ní Akropong ní ilẹ̀ Gánà ní 2008 àti 2009, lábẹ́ ìgbìmọ̀ Lausanne, gba ohun tó dára nínú ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n sì sọ láì fi bọpo bọyọ̀ pé èké ni, pé ó ń mú tálákà jẹ. Àwọn pásítọ̀ wa ìbá kà á síta nínú ìjọ.

Ìwàásù ìtúsílẹ̀ pẹ̀lú ń bẹ. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, ìjọ tó ń fọ́ ègún ìran àti àjàgà ẹ̀mí òṣì ti pọ̀ lórí òkè àdúrà àti lójú ọ̀nà márosẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ̀mí búburú kò sí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ìbẹ̀rù tí àwọn ará Òkè-Ooyè dáná sun ní 1930 ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn padà wọlé, ìyá tó bí ni lọ́mọ sì ni wọ́n ń nàka sí pé òun ló so àṣeyọrí ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbàgbọ́ tó mú ọmọ sá fún ìyá rẹ̀ kò tíì dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn ará ìjọ ìgbà yẹn gba omi lófẹ̀ẹ́, òróró ìsinsìnyí wà fún títà.

Síbẹ̀, bí mo bá fi ọ̀rọ̀ àwọn olókìkí sílẹ̀, tí mo wo àwọn tálákà inú ìjọ fúnra wọn, ọkàn mi ń balẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ obìnrin ń dá àjọ. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ìjọ ń yáni lówó láìsí èlé gọbọi, nígbà tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú ti onígbèsè lójú gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá dá aláboyún dúró sílé ìwòsàn nítorí owó, àwọn tó ń lọ ìṣọ́ òru pẹ̀lú rẹ̀ ló ń ká owó jọ, igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Wọn kò pe ìyẹn ní irúgbìn, wọn kò retí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Makedóníà nìyẹn ní Mùṣín àti ní Ọjà-Ọba.

Ohun kan wà tí àwọn ìjọ lè yí padà láì ná kọ́bọ̀: àkókò ẹ̀rí. Bó ṣe wà báyìí, ẹni tó rí fíísà, ẹni tó ra mọ́tò, ẹni tó kọ́lé ni wọ́n ń pè síwájú. Obìnrin tó ń ta àkàrà, tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí kò jí, tí kò ṣe aṣẹ́wó, tí kò bẹ̀rù àjẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìsinmi láràárọ̀ ọjọ́ náà, tí yàrá rẹ̀ sì ń jò síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń fún un ní makirofóònù, nítorí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ìyanu tirẹ̀ kò tíì dé. Ó yẹ kí pásítọ̀ pè é, kí ó sọ bí ó ṣe ń rí oorun sùn, kí ìjọ sì bi í léèrè, níbi tó dúró sí yẹn, iye tí páànù òrùlé yóò jẹ́.